Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Rùkáyà

Orí Kẹta

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta, ọdún 2091, ọmọ mi Ìbídùnní jábọ́ láti orí òpó àwọ̀n òjò, ó sì kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni.

Mo ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi sílé wa ṣe nígbà tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní ìlú wa, Òkè-Àbò, ògiri ni ó ń kéde ikú fún àwọn ẹbí. Ohùn obìnrin ni, kì í yára, kì í sì í falẹ̀. Ó pè mí ní orúkọ mi kíkún, Bólúwatifẹ́ Ọ̀ṣúnṣànmí. Ó ní kí n jókòó. N kò jókòó. Ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún mi, ó sì fi kún un pé:

"Ẹ kú àmúmọ́ra, sà. Ẹ̀yin ni ìdílé àkọ́kọ́ olóògbé. Oòrùn yóò wọ̀ lónìí ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ ní àyè títí di ìgbà náà láti fi àtẹ́lẹwọ́ yín hàn níwájú Ẹlẹ́rìí."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo padà sí ìdí ẹ̀rọ omi. Bóòtù mẹ́ta ni mo ti tú. Mo mú ẹ̀kẹrin.

Ní ọ̀sán ni ọkọ Ìbídùnní dé, òun pẹ̀lú ìyá tó bí i. Tìámíyù ni orúkọ ọkọ. Òun náà ń ṣiṣẹ́ lórí àwọ̀n òjò tí ìlú wa fi ń gba omi mu, okùn iṣẹ́ ṣì wà ní ìdí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti fẹ́ ọmọ mi, kò tíì wọ ilé mi rí. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níta, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ dákun, sà. A ti rí ilẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ti gbẹ́ ẹ tán, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí Òkè-Odò. Alfa ti dúró, àwọn obìnrin tó máa wẹ̀ ẹ́ ti dúró. Ọwọ́ yín nìkan ló kù."

"Dìde," ni mo wí.

Kò dìde. Ìyá rẹ̀, Alhaja Múìnátù, ló bọ́ síwájú. Obìnrin kúkúrú ni, ó fi gèlè funfun wé orí, ó sì fi ìbòrí lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú láti inú bàtà.

"Bàbá Ìyàwó, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ mọ̀ bí tiwa ṣe rí. Àwa kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i kó tó di pé oòrùn wọ̀, Ilé Òtútù tí wọ́n tẹ́ ẹ sí máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Tó bá di ọjọ́ kẹta, wọ́n á sun ọmọ yìí bí ẹni sun pàǹtí."

"Wọ́n sun ìyàwó mi," ni mo wí. "Kì í ṣe pàǹtí."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ ló ṣì mí sọ. Ẹ forí jì mí, àna mi."

Òótọ́ ni ohun tí ó ń bẹ̀rù. Láti ìgbà tí òkun ti gba etíkun, tí gbogbo wa sá gun òkè wá, ilẹ̀ kò tó fún alààyè, áńbọ̀sì fún òkú. Sísun ni òfin gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ bá kọ iná ni a máa ń fún ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn náà gbọ́dọ̀ wá fi àtẹ́lẹwọ́ jẹ́rìí sí i. Bí òkú bá jẹ́ ẹni tí ó yí ẹ̀sìn padà, ìdílé tí ó fi sílẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. Bí wọn kò bá jẹ́rìí, orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni a óò tẹ̀ lé, a ó sì sun ún. Ìjà Kànga ni ó bí òfin yìí, nígbà tí a pa ara wa nítorí omi, tí olúkúlùkù sì ń pariwo orúkọ Ọlọ́run rẹ̀ bí ó ti ń pa ẹnì kejì. Lẹ́yìn ìjà náà, gbogbo àdúgbò pàdé. Èmi náà gbé ọwọ́ sókè. Èrò wa ni pé bí àwọn ẹlẹ́sìn bá ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ara wọn, wọn yóò mọ ara wọn. A kò rò ó pé ẹni tí a ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ lè jókòó kí ó máa wo aago.

Mo sì fẹ́ wo aago. N kò ní fi pamọ́. Eérú ìyàwó mi, Tìwálọlá, wà nínú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìlà kẹta láti òkè. Ihò méjì ni mo gbà lọ́jọ́ tí a kó o síbẹ̀, ó kù ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí n kò bá ṣe ohunkóhun, tí mo kàn jókòó sílé mi, ọmọ mi yóò padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni wọn yóò kọ sí i.

N kò sọ èyí fún wọn. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ní ilé wa, bàbá kì í yọjú síbi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, Alhaja."

Ó tẹ orí ba. "Nílé tiwa náà nìyẹn. Òtítọ́ ni ẹ sọ."

"Wọn ò ní mú yín dé ibojì, sà," ni Tìámíyù wí láti ilẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà Ilé Òtútù ni Ẹlẹ́rìí wà. Ẹ ò ní rí i sójú. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ máa bọ̀."

"Mo ti sọ̀rọ̀."

Wọn kò bá mi jà. Èyí ni àṣà ṣe fún mi lọ́jọ́ náà: ó fún mi ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè bá mi jiyàn lé lórí. Alhaja di ọmọ rẹ̀ lápá mú dìde. Bí wọ́n ti ń lọ, ó yíjú padà, ó ní, "A ó máa retí yín níbẹ̀, Bàbá Rùkáyà."

N kò jẹ́ orúkọ náà. Rùkáyà ni wọ́n ń pe ọmọ mi láti ìgbà tí ó ti di Mùsùlùmí. Mo ti ilẹ̀kùn.

Aago mẹ́rin kọjá nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Mofiyìnfólúwa, dé. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Irin ni ó ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn, o sì lè gbọ́ bí irin náà ti ń kùn láti òpópónà kejì. Kò kan ilẹ̀kùn.

"Ọmọ rẹ kú, o ń tú bóòtù."

"Ẹ̀rọ yìí bà jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀rọ wo? Mo lo omi rẹ lánàá. Jókòó." Mo jókòó. "Mo pàdé àna rẹ ní ibùdókọ̀. Obìnrin yẹn ń sunkún títí ó fi ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó ní o ní àṣà ò gbà."

"Àṣà ò gbà bẹ́ẹ̀."

"Bólú, nígbà tí ọmọkùnrin rẹ kú ní Èbúté, kí omi tó kó ibẹ̀ lọ, ta ló gbé pósí? Àní, ta ló gbé e? Kò ju báyìí lọ." Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọn afẹ́fẹ́. "Ìwọ lo gbé e. Wọ́n ní kó o padà, o ní o ò ní padà. O dúró títí wọ́n fi bo ilẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn àgbà bínú, o ní kí wọ́n bínú. Níbo ni àṣà wà lọ́jọ́ yẹn?"

Mo na ọwọ́ sí bóòtù kan.

"Má fi àṣà purọ́ fún mi, mo dàgbà jù ọ́ lọ. Ìmàle tó ṣe ló ń dùn ọ́. Sọ bẹ́ẹ̀ kí n gbọ́."

"Mo fẹ́ kó wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ihò kan ṣì wà."

"Ìyá rẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn ún. "Ta lo rò pé ó gba ẹ̀bí ọmọ yẹn nígbà tó bímọ? Gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí Tìwálọlá ń sọ fún ọ pé òun ń lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, o ò bi í rí pé ìpàdé kí ni kì í ní àkókò ìsinmi? Ilé Ìbídùn ló ń lọ. Ó ń jẹ sàárà níbẹ̀, ó ń bá wọn ṣe ọdún. Ìwọ nìkan lo dá wà nílé yìí tí o ń ṣọ́ ẹ̀sìn."

Ẹ̀rọ omi ń kán tótó sínú garawa. Mo wò ó. Mo ti ba ohun tí kò bà jẹ́ jẹ́.

"Dìde," ni ó wí. "Wọ bàtà."

Ìbá dára bí mo bá wọ bàtà nìkan. Ṣùgbọ́n mo wẹ̀. Mo fá irùngbọ̀n. Mo lọ aṣọ funfun tí mo fi ń lọ sí ìjọ, nítorí n kò fẹ́ kí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn rí mi ní aṣọ iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi irin ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Nígbà tí a dé ibùdó ọkọ̀ orí okùn, èyí tí à bá wọ̀ ti gbéra. A dúró de òmíràn. Láti inú rẹ̀ ni mo ti rí àwọn àwọ̀n òjò tí wọ́n nà sórí gbogbo òkè, wọ́n ń tàn nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Òpó kan wà tí wọ́n ti fi aṣọ pupa yí ká. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni a dé Ilé Òtútù.

Wọ́n tó ogún níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àwọ̀n òjò jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú okùn nídìí wọn. Nínú wọn ni Ègùn wà, Nupé wà, Ìgbò wà, àti ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìńdíà. Àwọn obìnrin mẹ́ta dúró ti garawa omi, pẹ̀lú ọṣẹ, káfúrà, àti aṣọ funfun tí wọ́n ká. Nígbà tí wọ́n rí mi, gbogbo wọn dìde. Alhaja sọ pé, "Alihamudulilahi," ó sì jókòó lójijì.

Ẹlẹ́rìí kò ju òpó òkúta dúdú kan lọ, ó ga dé àyà mi, gíláàsì wà lórí rẹ̀. Mo tẹ́ ọwọ́ lé e. Ó tutù.

"Ẹ káàbọ̀, Bólúwatifẹ́ Ọ̀ṣúnṣànmí. Ṣé ẹ mọ olóògbé?"

"Ọmọ mi ni."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró." Iná kan tàn lábẹ́ gíláàsì. "Àkọsílẹ̀ méjì kò bá ara mu. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá, ọdún 2086, ní ẹnubodè Ọjà Ìsàlẹ̀, a bi yín bóyá ẹ mọ obìnrin yìí. Ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n rí. Èwo ni òtítọ́?"

Ó sọ ọ́ sókè. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ẹ̀rí.

Mo rántí ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí ẹnì kan da májèlé sínú kànga Ìsàlẹ̀ ni. A kò mọ ẹni náà títí di òní, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ kan ni gbogbo ìlú ti sọ pé àwọn tí ń bo orí ni. Ẹnubodè, tí òun náà ń sọ̀rọ̀ bí ògiri, bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbogbo obìnrin tó bo orí dúró, àyàfi bí ẹlòmíràn tó wà nítòsí bá ní òun mọ̀ ọ́n. Èmi àti àwọn àgbà ìjọ méjì ń bọ̀ láti ọjà. Ìbídùnní dúró lẹ́yìn irin, ó gbé agbọ̀n lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rin ni n kò ti rí i. Ó sanra díẹ̀. Ẹnubodè tọ́ka sí mi, ó ní, "Sà, ṣé ẹ mọ obìnrin yìí?" Àwọn àgbà méjèèjì ń wò mí. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ó wò mí. Kò sunkún. Ó sọ fún ẹnubodè pé, "Ẹ má bínú, mo rò pé ẹni tí mo mọ̀ ni. Mo ṣì wọ́n mú." Ó gbà mí sílẹ̀ níwájú àwọn tí ojú wọn ń tì mí, ó sì yí ẹ̀yìn padà. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó lo wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn, títí obìnrin Ègùn kan tó ń ta ẹja, tí kò rí i rí láyé, fi sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

"Èwo ni òtítọ́?" ni Ẹlẹ́rìí tún bi mí.

"Oòrùn wà lójú mi lọ́jọ́ náà," ni mo wí.

"Àwòrán fi hàn pé oòrùn wà lẹ́yìn yín, sà."

"Ó bo orí."

"Ojú rẹ̀ hàn. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá méje."

Tìámíyù ti súnmọ́ mi. "Kò sọ ọ́ fún mi rí," ni ó wí, kì í ṣe sí mi. "Mo bi í pé kí ló mú un pẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní èrò pọ̀."

"Bí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ bá jẹ́ òtítọ́," ni Ẹlẹ́rìí ń bá a lọ, "ẹ kì í ṣe ìdílé olóògbé, ọwọ́ yín kò sì wúlò. Bí ti òní bá jẹ́ òtítọ́, ẹ ní láti sọ pé ẹ purọ́ nígbà náà, ní ohùn tí a lè gbọ́."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ́ àgbà ìjọ. Mo ti dá ọkùnrin dúró níwájú ìjọ nítorí irọ́ tí kò tó èyí. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mo ya ẹnu. Ohun tí ó jáde ni pé, "Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìgbà yẹn le. Gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀rù."

"Bólú!" ni ẹ̀gbọ́n mi pariwo.

"Bàbá Ìyàwó, ẹ sọ ọ́," ni Alhaja wí. Ó ti di aṣọ mi mú. "Ẹ̀mí mi, ẹ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. A ti forí jì yín kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Ẹ ṣáà sọ ọ́."

"Bàbá, oòrùn ò gbọ́ àlàyé o!" ni ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ kígbe. Ẹnì kejì ní kí ó pa ẹnu mọ́. Ó ní òun ò ní pa á mọ́, òun àti olóògbé jọ ń gun òpó ni.

N kò mọ iye àkókò tí mo fi dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ báyìí: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ojú gbogbo wọn wà lára mi, mo sì ń wo ọwọ́ mi lórí gíláàsì, mo ń rò pé bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí ènìyàn lè gbà sọ ọ́.

"Mo purọ́," ni mo wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ni. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà."

"A ti gbọ́ yín, sà. Ẹ ṣeun. Aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Àkókò ti kọjá."

A gbọ́ bí ilẹ̀kùn ti tì láti inú.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń ṣọ́ omi bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ funfun padà, ó ká a kéré, ó tún ká a kéré sí i. Tìámíyù wá síwájú mi. Mo rò pé yóò lù mí, n kò sì ní yẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ṣé tí ẹ wá, sà," ni ó wí.

Alfa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo dé, ní a lè kírun sí òkú tí ọwọ́ wa kò tó. Ó ní kí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n tò, Mùsùlùmí níwájú, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi láàárín àwọn obìnrin, pẹ̀lú àgbélébùú rẹ̀ lọ́rùn. Mo dúró ní ìpẹ̀kun. Nígbà tí Alfa gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, nítorí mo ti rí i pé wọ́n máa ń tẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí.

"Wọn kì í tẹ̀ nínú èyí, Bàbá," ni ó sọ jẹ́jẹ́. "Ìdúró ni wọ́n fi ń ṣe é tán."

Mo dúró.

Wọ́n sun ún ní ọjọ́ kẹta. Eérú rẹ̀ wà nínú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, Ìbídùnní ni wọ́n kọ sí i. Ohun tí mo fẹ́ gan-an ni mo rí gbà. Nítorí pé èmi ni òfin mọ̀ ní ìdílé rẹ̀, ilé mi ni wọ́n kó ẹrù rẹ̀ wá, nínú àpótí kan. Mo kó o lọ fún Tìámíyù ní ọjọ́ kejì. Kí n tó kó o lọ, mo kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀:

Bàtà iṣẹ́ kan, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Èkejì kò sí.

Okùn ìdáàbòbò kan. Ìkọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́.

Ìbòrí mẹ́rin. Wọ́n gé ọ̀kan nínú wọn lára ìró ìyá rẹ̀ tí mo rà fún un nígbà tí a ṣe ìyàwó.

Tẹ̀sùbáà onígi.

Abọ́ oúnjẹ kan tó ní ìdérí, orúkọ Tìwálọlá wà nídìí rẹ̀. Abọ́ ilé wa ni. Mo ti wá a tì.

Aṣọ funfun, ọ̀pá méje. Kò sí ẹni tó lò ó.

Àwòrán ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méje, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ìyàwó mi ni. N kò tíì rí ọmọ ọmọ mi yìí.

Ìwé onígbọ̀wọ́ tí Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ máa kọ lọ́dọọdún, mẹ́sàn-án, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tó ti ṣègbéyàwó. Níbi tí wọ́n ti ní kí ó kọ orúkọ ẹnì kan tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa, orúkọ mi ni ó kọ sínú gbogbo wọn, títí kan ti ọdún 2086, ti ọdún 2087, àti ti ọdún yìí.